Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe ń kọ lẹ́tà, àti bí ẹ, ọ àti ṣ ṣe sọnù níbẹ̀

Ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbòde yóò rántí ojú dúdú rẹ̀, tí lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń tàn lórí rẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí máòsì tí à ń tì kiri. A ó tan ẹ̀rọ, nọ́ńbà á máa sáré lókè bó ṣe ń yẹ ibi ìrántí ara rẹ̀ wò, á ké "píì" lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà C:\> á jáde, ìlà kékeré kan á sì máa ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń tẹ WS tàbí WP kí WordStar tàbí WordPerfect, àwọn ètò tí a fi ń kọ̀wé, tó ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní wàhálà ju ti NEPA lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá ti rí iṣẹ́.

Ìwé ìwádìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kọ nígbà yẹn ṣì wà ní ilé ìkàwé. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan, ẹ lè rí i pé kọ̀ǹpútà ló tẹ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bírò ló fi àmì sí i, láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìparí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé èdè wa ló le jù fún ẹ̀rọ. Àyè wà nínú ẹ̀rọ náà fún gbogbo lẹ́tà wa. Ẹ jẹ́ ká tú inú rẹ̀ wò, ká rí ohun tí wọ́n fi àyè náà ṣe.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń fi pamọ́. Kò mọ lẹ́tà kankan. Kí ẹ̀rọ méjì tó lè gbọ́ ara wọn yé, àwọn tó ṣe wọ́n gbọ́dọ̀ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí nọ́ńbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́. Àdéhùn tó borí ni ASCII, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963, tí wọ́n sì fi lẹ́tà kékeré kún ní 1967. Bíìtì 7 ló ń lò fún lẹ́tà kan. Bíìtì ni ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń kà, kó jẹ́ òdo tàbí kó jẹ́ ení, méje rẹ̀ kò sì lè bí ju nọ́ńbà 128 lọ, láti 0 dé 127. Nínú wọn, 33 kì í ṣe lẹ́tà rárá, àṣẹ ni wọ́n: 7 ní kí ẹ̀rọ ké píì, 13 ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, 8 ní kó fi ìṣísẹ̀ kan padà sẹ́yìn. Ẹ fi 8 yẹn sọ́kàn, a óò nílò rẹ̀ níwájú. A ńlá ni 65, a kékeré ni 97. Ohun tó kù tó Gẹ̀ẹ́sì í kọ, kò sì ṣẹ́ kù fún èdè mìíràn.

Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1981, bíìtì 8 ló lò fún lẹ́tà kan. Bíìtì kan tó lé yẹn ló sọ 128 di 256. Nọ́ńbà 128 mìíràn wá ṣí sílẹ̀ lófìfo, IBM ló sì pinnu ohun tó máa wọ inú wọn. Ètò yẹn ni à ń pè ní code page 437, òun náà ló sì wà nínú àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe kó lè máa ṣiṣẹ́ bíi ti IBM.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí Yorùbá nílò nínú 128 yìí. Ẹ, ọ àti ṣ, ńlá àti kékeré, jẹ́ 6. Fáwẹ̀lì 7 pẹ̀lú àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀, ńlá àti kékeré, jẹ́ 28. M àti n tó ń dá dúró bíi sílébù, pẹ̀lú àmì méjèèjì, ńlá àti kékeré, jẹ́ 8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42. Nínú 42 yìí, 11 wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí pé àwọn èdè Yúróòpù bíi Faransé, Ítálì àti Sípéènì ń lò wọ́n: à, è, ì, ò, ù, á, é, í, ó, ú, àti É kan ṣoṣo nínú àwọn lẹ́tà ńlá. Ó ku 31. Láti 176 dé 223, nọ́ńbà 48 gbáko, ìlà, igun, òjìji àti búlọ́ọ̀kù ni wọ́n kó síbẹ̀, tí a fi ń ya àpótí àti tábìlì sójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ìlà yẹn wúlò, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n Ìwé Ìròyìn ti Abẹ́òkúta ti jáde láti 1859, Bíbélì Yorùbá sì ti pé lódindi ní 1884. Èdè tí wọ́n ti ń tẹ̀ sínú ìwé fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kò rí nọ́ńbà 31 gbà, ìlà sì gba 48.

Ó wá ku bí nọ́ńbà ṣe ń di lẹ́tà tí ojú ń rí. Lórí káàdì MDA, èyí tó ń gbé lẹ́tà aláwọ̀ ewé yẹn jáde, ojú kọ̀ǹpútà pín sí ìlà 25, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà 80. Ìyẹn jẹ́ yàrá 2,000. Káàdì náà ní ibi ìrántí tirẹ̀, tó ń fi báìtì méjì (bíìtì 8 ni báìtì kan) pamọ́ fún yàrá kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà lẹ́tà, èkejì ń sọ bóyá kí ó tàn yòò, kó máa ṣẹ́jú, tàbí kó ní ìlà lábẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ṣípù kan wà tí wọ́n ti kọ àwòrán gbogbo lẹ́tà 256 sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a tò sára adé ni àwòrán kọ̀ọ̀kan rí: tótó 9 ní ìbú, 14 ní òró, àwọn kan tàn, àwọn yòókù ṣókùnkùn. Ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì náà ń ka yàrá 2,000 yẹn tán, ó ń béèrè àwòrán nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ṣípù, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ yà á sójú gíláàsì.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le. Yàrá kan kò lè gbà ju nọ́ńbà lẹ́tà kan lọ, nọ́ńbà kan kò sì ní ju àwòrán kan lọ. Táìpúráítà tí kọ̀ǹpútà wá gba ipò rẹ̀ sàn jù ú lọ ní ti èyí. Lórí táìpúráítà, a lè tẹ e, ká padà sẹ́yìn, ká yí bébà sókè díẹ̀, ká sì fi àmì ìdánudúró lù ú lábẹ́. Bébà gba méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà, bí a bá padà sórí e tí a tẹ àmì ìdánudúró, e á kúrò pátápátá, àmì ìdánudúró nìkan ni yóò kù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí a ṣe lè yí àwòrán inú ṣípù náà padà láìyọ ṣípù fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lo àwọn 11 tó wà níbẹ̀ máa ń di bọ́tìnnì Alt mú, á tẹ nọ́ńbà lẹ́tà náà ní apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù, á sì tú Alt sílẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, à ni 133, è ni 138, ò ni 149, á ni 160, ó ni 162. Ẹni tó bá ń tẹ ojú ewé kan tán lọ́nà yìí ní sùúrù. Ó sì gbọ́dọ̀ máa rántí pa iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lóòrèkóòrè, pẹ̀lú Ctrl-K àti S ní WordStar, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ wà kó tó dé orí dísíkẹ́ẹ̀tì, iná ló gbé e ró. Bí iná bá lọ, ó lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ká sọ pé ojú ewé náà pé, à àti ó sì jókòó dáadáa lójú kọ̀ǹpútà. Ó ku príńtà. Àṣìrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kọ̀ǹpútà ń gbé àwòrán lẹ́tà ránṣẹ́ sí príńtà. Nígbà náà, nọ́ńbà lẹ́tà nìkan ló ń gba inú wáyà kọjá. Príńtà ní ṣípù àwòrán tirẹ̀, ó sì lè má bá ti kọ̀ǹpútà dọ́gba. Nínú àwọn príńtà Epson tó wọ́pọ̀ nígbà náà, àwọn tí abẹ́rẹ́ 9 ń gbá ríbọ́ǹnì mọ́ bébà, ètò kan wà tó jẹ́ pé láti 160 sókè, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán ni wọ́n tún tò síbẹ̀, àmọ́ lọ́nà tó dẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà tó jẹ́ í lójú kọ̀ǹpútà, 161, á wá jáde lórí bébà bí àmì ìyanu (!) tó dẹ̀gbẹ́. Lẹ́tà ó, tó jẹ́ 162, á di àmì àyọlò. Lẹ́tà ú á di #. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú príńtà fúnra rẹ̀: àwọn suwíìṣì tíńtínní kan wà níbẹ̀ tí a ń fi bírò tì, tí yóò mú kó lo ètò IBM dípò tirẹ̀.

Príńtà yìí kan náà ló ní ohun tí ojú kọ̀ǹpútà kò ní. Bébà ló ń kọ sí, bíi ti táìpúráítà, nítorí náà ó lè lu ìgbà méjì sójú kan. Nọ́ńbà 8, àṣẹ ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn, ló ṣí ọ̀nà yìí. Bí a bá fi 101 ránṣẹ́, ó tẹ e. A fi 8 ránṣẹ́, ó padà. A fi 46 ránṣẹ́, ó lu àmì ìdánudúró sórí e. Ó kù díẹ̀ káàtó, torí pé àmì náà á gé ẹsẹ̀ e dípò kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó mọ WordStar dáadáa á tẹ Ctrl-P àti H kí príńtà padà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà Ctrl-P àti V kí àmì náà lè sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlà, á tẹ àmì ìdánudúró, á tún tẹ Ctrl-P àti V kó padà sókè. Ohun tí yóò máa rí lójú kọ̀ǹpútà fún ẹ kan ṣoṣo ni e^H^V.^V. Gbólóhùn Yorùbá kan á wá rúdurùdu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ kò ní lè kà á, bẹ́ẹ̀ lórí bébà, ó mọ́ kedere. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, mo sì gbóríyìn fún gbogbo akọ̀wé tó fi kọ odindi ìwé.

Bírò yá ju èyí lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbòde. Ìpalára rẹ̀ ni pé àmì tí bírò fi sí i kò sí nínú fáìlì. Orí bébà yẹn nìkan ló wà. Bí a bá tún ìwé náà tẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a ó tún jókòó fi àmì sí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àyípadà dé nígbà tí àwòrán lẹ́tà kúrò nínú ṣípù tí kò ṣeé yí. Káàdì EGA ti 1984 àti VGA ti 1987 gbà kí ètò kékeré kan kó àwòrán mìíràn sípò èyí tó wà níbẹ̀. Windows 3.1 ti 1992 wá mú fọ́ǹtì TrueType dé, tí ojú kọ̀ǹpútà àti príńtà jọ ń lo àwòrán kan náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe mú lẹ́tà tí Yorùbá kò nílò, bíi ë, wọ́n pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì ya ẹ sípò rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, a rí ẹ lójú kọ̀ǹpútà, a sì rí i bákan náà lórí bébà. Ìdùnnú ńlá ni. Àmọ́ nọ́ńbà inú fáìlì ṣì jẹ́ ti ë. Bí a bá gbé e dé ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì náà, ë ni yóò hàn. Bí ilé iṣẹ́ kejì bá sì ya ẹ tirẹ̀ sípò ê, fáìlì àwọn méjèèjì kò lè bára wọn mu láéláé.

Àdéhùn tuntun tó ń jẹ́ Unicode ló fún lẹ́tà wa ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991. Lẹ́tà ẹ kékeré jẹ́ 7865, ọ jẹ́ 7885, ṣ jẹ́ 7779. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n tètè wọlé. Lẹ́tà ǹ kò rí tirẹ̀ gbà títí di 1999. Ẹ́ àti ọ̀ kò sì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo títí di òní: ẹ́ jẹ́ 7865 tí 769, àmì ohùn òkè, tẹ̀ lé, ọ̀ jẹ́ 7885 pẹ̀lú 768, àmì ohùn ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì ohùn fi máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àwọn fóònù kan, nítorí fọ́ǹtì ibẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń gbé nọ́ńbà kejì lé orí èkíní.

Ẹni tó bá ní fáìlì Yorùbá láti ìgbà fọ́ǹtì wọ̀nyẹn, tó ṣí i tó rí ë, ÿ àti ¢ káàkiri, kó má ṣe jù ú nù, kó má sì tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà pé síbẹ̀. Kí ó wá gbólóhùn kan níbẹ̀ tó mọ̀ dájú, bí orúkọ ìlú tàbí orúkọ òǹkọ̀wé, kó kọ lẹ́tà àjèjì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó yẹ kó jẹ́, títí àtẹ náà yóò fi pé, kó tó fi ètò ìwárí-àti-ìrọ́pò yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹ̀dà ni kó ti ṣe é, kì í ṣe lórí fáìlì gan-an. Bó bá jẹ́ pé inú dísíkẹ́ẹ̀tì ló wà, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú. Fún dísíkẹ́ẹ̀tì oní-ínǹṣì 3.5, ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi USB so mọ́ kọ̀ǹpútà òde òní ṣì wà. Ti 5.25, tó tóbi tó sì rọ̀, gba kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ooru àti èbu ń ba méjèèjì jẹ́, nítorí náà kí ó wá ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún yìí.