Kí Ọmọ Yín Tó Ra Bọ́ọ̀sì Àgbà Láti Jàpáàn

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ìyá wa kan tó ń ta aṣọ dìde, ó ní òun fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Akọ̀wé bi í pé kí ni yóò fi owó náà ṣe. Ó ní ọmọ òun tó wà ní Calgary, ní ilẹ̀ Kánádà, fẹ́ ra bọ́ọ̀sì kan láti Jàpáàn, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pé. Ọmọ náà yóò máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù títí gbèsè yóò fi tán. Títí dé ibẹ̀, kò sí ariwo. Ìgbà tí ìyá wa wá sọ pé ọkọ̀ náà ti lé ní ọdún 26, gbogbo ilé ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n kúkú wá gbé èyí tó wà lẹ́yìn ilé òun, táyà nìkan ni kò ní.

Àwa náà rẹ́rìn-ín, a ò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wádìí ọ̀rọ̀ náà, a rí i pé ọmọ yẹn kò ya wèrè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó rẹ́rìn-ín kò sì ṣàṣejù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Irú ọ̀rọ̀ yìí lè kan ẹnikẹ́ni lọ́la, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí á kọ ohun tí a mọ̀ sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe àjèjì. Ẹ̀yin àgbà ọlọ́jà mọ L300, bọ́ọ̀sì Mitsubishi. Ní Jàpáàn, Delica ni wọ́n ń pè é, ọdún 1968 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé orúkọ yẹn jáde. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáàn ṣe irú kan fún ara wọn tó yàtọ̀ sí èyí tí ń kó èrò ní gáréèjì wa: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ga kúrò nílẹ̀, epo dísù ló ń mu, àga inú rẹ̀ sì ṣeé tẹ́ sílẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì. Òmíràn ní gíláàsì lórí òrùlé, kí ẹni tó dùbúlẹ̀ lè máa wo ìràwọ̀. Ẹ ò rí ayé! Irú èyí tí wọ́n ń ṣe láti 1986 ni wọ́n mọ̀ sí Star Wagon. Space Gear tẹ̀lé e ní 1994.

Ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi ṣe kì í ṣe ọjà. Ìrìn-àjò afẹ́ ni. Láti Calgary dé Banff, níbi tí àwọn òkè ńlá Rockies wà, kò ju nǹkan bí 130 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí lè kúrò lójú ọ̀dà, kó gba ojú ọ̀nà olókùúta wọ inú igbó lọ, kó dáná, kó sùn sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, láìsan owó hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ti ṣe é rí kì í fẹ́ padà sẹ́yìn.

Kí ló wá dé tó jẹ́ èyí tó ti gbó ni wọ́n ń wá? Òfin ni. Ọkọ̀ tí wọn kò ṣe ní ìbámu pẹ̀lú òfin ààbò Kánádà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, àfi tó bá ti pé ọdún 15. Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ara òfin tí wọ́n ṣe ní 1988, ọdún 25 ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pé, oṣù tó jáde nílé iṣẹ́ gan-an ni wọ́n sì ń kà á sí. Ẹ wá wò ó, òdìkejì tiwa ni. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ tó bá ti dàgbà kọjá iye tí ìjọba fi lélẹ̀ ni kọ́sítọ́ọ̀mù kì í fẹ́ rí. Lọ́dọ̀ wọn, èyí tí kò tíì dàgbà tó ni wọ́n ń dá padà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí o: ọdún tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọkọ̀ náà, ọdún kan náà ló ti jẹ rọ́bà, páìpù àti irin rẹ̀. Ẹni tó bá ra á, ó ra ogbó pọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn ará Jàpáàn kì í fi ọkọ̀ ṣe ogún bíi tiwa. Lẹ́yìn ọdún 3 tí wọ́n bá ra ọkọ̀ tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìjọba tí wọ́n ń pè ní shaken, lẹ́yìn náà ó di ọdún méjì-méjì, ìnáwó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ dísù tó bá kọjá ọdún 11, owó orí rẹ̀ ń gòkè. Ní agbègbè Tokyo, Osaka àti Nagoya, òfin èéfín tún há mọ́ dísù àtijọ́. Bó bá yá, olówó á ní kí wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń dán.

Gbàǹjo wọn kì í ṣe bíi tiwa, tó jẹ́ pé ẹni tó lágídí jù ló ń borí. Ẹni tó mọ ọkọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú, ó sì ti kọ gbogbo ohun tó rí sínú ìwé kan. Àwòrán ọkọ̀ á wà nínú ìwé yẹn, á sì fi lẹ́tà sàmì sí i: A ni ibi tó ha, U ni ibi tó tẹ̀ wọnú, W ni ibi tí wọ́n ti tún ṣe, S ni ìpẹtà, C ni ibi tí ìpẹtà ti jẹ irin wọnú. Wọ́n á fún ọkọ̀ ní máàkì pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí R níbi máàkì, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti kọlu nǹkan rí, tí wọ́n sì tún un ṣe. Ìwé yìí ni kí ọmọ yín béèrè, kì í ṣe fọ́tò nìkan. Aṣojú tó bá ń fi òní dọ́la lórí rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra òkìríkà ní bélì-bélì mọ ohun tí a ń wí: bí wọn kò bá jẹ́ kí o tú u wò, ó nídìí.

Kí ó tún béèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti gbé ayé rẹ̀. Ní apá àríwá, bíi Hokkaido, yìnyín pọ̀, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́ ń jẹ abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tuntun lè bo ara, kò lè bo abẹ́. Fọ́tò abẹ́ ọkọ̀, etí ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, àti yíká gíláàsì òrùlé ṣe pàtàkì ju fọ́tò àga lọ. Kánádà kò sì gba ọkọ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ́ńjìnnì, nítorí ibẹ̀ lowó ń gbà lọ. Star Wagon oní-dísù tí à ń sọ yìí ń lo 4D56, lítà 2.5, ọ̀pọ̀ Space Gear ń lo 4M40, lítà 2.8. 4D56 ń fi bẹ́ẹ̀tì rọ́bà darí àwọn fáàfù rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀tì yìí bá já lórí ìrìn, písítìnì á kọlu fáàfù, ó di iṣẹ́ ńlá nìyẹn. 100,000 kìlómítà ni wọ́n fi lélẹ̀ fún pípààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í ka kìlómítà nìkan, ó ń ka ọdún pẹ̀lú. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí, kí ọmọ yín gbà pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí, kó sì ṣe é kó tó rin ìrìn gígùn kankan. 4M40 ń lo ṣéènì ní tiẹ̀.

Èkejì ni ooru. Abẹ́ àga iwájú ni ẹ́ńjìnnì Star Wagon wà, atẹ́gùn kì í ráyè gba ibẹ̀ dáadáa. Bí èèyàn mẹ́fà bá wà nínú rẹ̀, tí ẹrù wà lórí, tí wọ́n wá ń gun òkè nígbà oòrùn, omi rédíétọ̀ lè hó kí awakọ̀ tó fura. Tọ́ọ̀bù sílíńdà 4D56 kì í fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń là. Kí wọ́n fọ rédíétọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo páìpù omi, kí awakọ̀ má sì máa bá kàá kékeré sáré. Ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì ni, kì í ṣe ẹyẹ.

Òtútù náà ní tirẹ̀. Ní Calgary, ó lè tutù tó 30 nísàlẹ̀ òdo. Epo dísù ìgbà oòrùn á dì nínú táǹkì bí ọ̀rá. Ti ìgbà òtútù ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì máa ki ẹ̀rọ tí ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná bọ iná mànàmáná mọ́jú.

Nípa ẹsẹ̀ mẹ́rin yìí, àṣìṣe kan wà. Nínú Star Wagon, bí a bá ti ki jíà sí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn á so pọ̀, wọn kò lè yára ju ara wọn lọ. Lójú ẹrẹ̀ àti yìnyín, kò burú, táyà lè yọ̀ díẹ̀. Lójú ọ̀dà gbígbẹ, bí ọkọ̀ bá ń yà, ẹsẹ̀ iwájú ní láti rìn ju ti ẹ̀yìn lọ; nígbà tí táyà kò lè yọ̀, inú jíà ni wàhálà náà ń lọ títí nǹkan yóò fi kán. Space Gear tó ní Super Select ní ipò kan tó ṣeé lò lójú ọ̀dà.

Sítíárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, bíi ti ọkọ̀ wa kí a tó yí padà ní oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ẹ̀yin àgbà rántí bí ó ti rí. Bí awakọ̀ bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Kánádà, kò lè rí iwájú, àfi kí ẹni tó jókòó lápá òsì bá a wò ó. Iná iwájú rẹ̀ ń tàn sójú àwọn tó ń bọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Nínú Star Wagon, orí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ gan-an ni awakọ̀ jókòó sí; bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kò sí irin púpọ̀ láàárín òun àti ohun tó kọlù. A ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n òbí yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ìwé ńkọ́? Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, kì í fún ọkọ̀ tó ti ìta wá ní nọ́ńbà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti kọ̀ láti fún irú ọkọ̀ yìí ní nọ́ńbà, bí òfin àpapọ̀ tilẹ̀ ti gbà á wọlé. Àwọn adójútòfò kan kì í sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ sítíárì ọ̀tún. Ìbéèrè méjèèjì yìí, nọ́ńbà àti ìnṣọ́ránsì, kí ọmọ rí èsì wọn lákọsílẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀.

Owó wá kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Owó gbàǹjo ni ẹfà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni owó aṣojú, owó ọkọ̀ ojú omi, owó orí GST 5% ní Kánádà, gbígbé e láti Vancouver dé Calgary, tó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, àyẹ̀wò, iná, táyà, bẹ́ẹ̀tì, páìpù. Bí ọkọ̀ bá máa gba 10,000 dọ́là kó tó dé ẹnu ọ̀nà, àwa kò ní gbà kí ẹni tí kò ní 3,000 mìíràn lọ́tọ̀ dáwọ́ lé e. Àbá wa ni, kì í ṣe òfin. Àwọn ọmọ kan máa ń dá owó jọ láàárín ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n fi rà á. Ó dára, ó jọ ti ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò san owó nígbà tí tọ́ọ̀bù bá là lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ní ti ìyá wa, ìgbìmọ̀ kò kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. A ní kí ọmọ náà fi ìwé gbàǹjo ránṣẹ́, kí ó sì kọ iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, títí dé owó bẹ́ẹ̀tì. Ìwé tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ dé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, R ló wà níbi máàkì. Ìyá wa fúnra rẹ̀ ló pè é pé kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ti ń wá òmíràn báyìí, fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.