Ọba Kan, Ojú Méjì: Bí Ìdílé Ptolemy Ṣe Jọba ní Íjíbítì

Lẹ́yìn ilé òrìṣà Hathor ní Dendera, ní apá gúúsù Íjíbítì, wọ́n gbẹ́ àwòrán ayaba kan tó tóbi púpọ̀ sára ògiri. Aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ìwo màlúù àti oòrùn roboto wà nínú adé rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń rúbọ sí àwọn òrìṣà. Cleopatra ni obìnrin náà. Caesarion, ọmọ tó bí fún Julius Caesar, ni ọmọ. Bí àwọn Fáráò ìgbà láéláé ṣe ń gbẹ́ àwòrán ni wọ́n gbẹ́ tiwọn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú owó fàdákà tí Cleopatra yìí kan náà rọ yóò rò pé ẹlòmíràn ni: imú gígùn, àgbọ̀n tó yọ, irun tí wọ́n dì sẹ́yìn bí àwọn obìnrin Gíríìsì ṣe ń di tiwọn, ọ̀já tó jẹ́ àmì ọba láàárín àwọn ará Gíríìsì, àti orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà Gíríìkì. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú àwòrán méjèèjì. Àwọn kan máa ń sọ pé ìdílé Ptolemy po àṣà Gíríìsì àti ti Íjíbítì pọ̀ di ọ̀kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Bí a bá fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, a ó rí i pé ńṣe ni wọ́n to àṣà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ará Gíríìsì àti ará Íjíbítì lè máa rí ọba tirẹ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo. Ọwọ́ àwọn àwòrò Íjíbítì sì wà nínú ètò yìí bí ti àwọn ọba fúnra wọn, nítorí èrè tiwọn wà níbẹ̀.

Ọdún 332 ṣáájú ìbí Jésù ni Alexander, ọba Makedóníà, wọ Íjíbítì, tó gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Páṣíà. (Gbogbo ọdún tí mo bá dárúkọ láti ibí yìí lọ, ṣáájú ìbí Jésù ni, àfi ibi tí mo bá ti sọ òmíràn.) Ó rúbọ sí Apis, akọ màlúù mímọ́ ìlú Memphis, ó gba aṣálẹ̀ kọjá lọ dífá lọ́dọ̀ òrìṣà Amun ní Siwa, ó sì tẹ Alexandria dó. Ó kú ní 323. Ptolemy, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun rẹ̀, di gómìnà Íjíbítì, ó fi ara rẹ̀ jọba ní nǹkan bí ọdún 305, ìdílé rẹ̀ sì wà lórí ìtẹ́ títí di ọdún 30. Kó tó jọba rárá ló ti mọ ẹni tó yẹ kó bá ṣọ̀rẹ́. Lórí òkúta kan tí wọ́n kọ ní 311, wọ́n yìn ín pé ó kó àwọn ère òrìṣà tí àwọn ará Páṣíà kó lọ padà wálé láti Éṣíà, ó sì fi ilẹ̀ àwọn òrìṣà ìlú Buto lé wọn lọ́wọ́ padà. Ilẹ̀ ni, ohun tó ń mú oúnjẹ àti owó wá lọ́dọọdún.

Kí ni àwọn àwòrò wá ń fi àjèjì ṣe? Nínú ìgbàgbọ́ Íjíbítì, Fáráò nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rúbọ sí òrìṣà. Adelé rẹ̀ lásán ni àwòrò tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Bí kò bá sí ọba, ẹbọ kò ní olúwa, ayé sì lè dàrú. Ìdí nìyí tí ògiri ilé òrìṣà kò fi lè wà láìsí àwòrán ọba tó ń rúbọ. Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti àyè orúkọ. Fáráò ní àmì kan tó dà bí òrùka gígùn, tí wọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀; ní ọ̀pọ̀ ibi ní Dendera, wọ́n gbẹ́ ọba tán pẹ̀lú adé àti ẹbọ lọ́wọ́, wọ́n sì fi inú òrùka náà sílẹ̀ lófìfo. Ipò ọba ni ògiri náà ń béèrè; ẹni tó bá bọ́ sípò, wọn ì bá fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ilé òrìṣà Horus ní Edfu náà ń jẹ́rìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 237 lábẹ́ Ptolemy Kẹta, wọ́n parí rẹ̀ ní 57 lábẹ́ Ptolemy Kejìlá, ọdún 180 gbáko. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lónìí yóò rí ọba tó ń pa ọ̀tá, yóò rí ọba tó ń gbé ẹbọ síwájú Horus, kò sì ní rí ohunkóhun tó máa sọ fún un pé ìran Makedóníà ni ọba náà, àfi bó bá lè ka orúkọ.

Ìtàn Arsinoe Kejì ló gbé ọgbọ́n yìí jáde dáadáa. Ọmọ Ptolemy Kìíní ni, ó sì fẹ́ Ptolemy Kejì, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti baba kan náà. Ohun ìtìjú ni lójú àwọn ará Gíríìsì. Akéwì Theocritus bá wọn wá àwíjàre: ó fi wọ́n wé Zeus àti Hera, àwọn òrìṣà Gíríìsì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n tún jẹ́ tọkọtaya. Àwọn ará Íjíbítì ní tiwọn kò béèrè àwíjàre kankan, nítorí Isis àti Osiris, àwọn òrìṣà wọn, ti fẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Nígbà tí Arsinoe kú, ọkọ rẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n gbé ère rẹ̀ sínú gbogbo ilé òrìṣà Íjíbítì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrìṣà tó ni ibẹ̀. Nígbà tó yá, owó-orí ọgbà àjàrà àti ọgbà èso di ti ìbọ rẹ̀. Ère kékeré rẹ̀ kan wà ní Metropolitan Museum ní New York. Ó dúró ṣánṣán, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, òpó tí wọ́n fi lẹ́tà Íjíbítì kọ orúkọ rẹ̀ sí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ lọ́ wálẹ̀ bíi ti obìnrin Gíríìsì, ó sì gbé ìwo méjì tí èso kún dání, àmì ọ̀pọ̀ láàárín àwọn ará Gíríìsì. Níbí yìí, mo gbà pé ìpòpọ̀ wáyé lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tó mọ: irun, àti ohun tó wà lọ́wọ́. Ìdúró ère náà àti òpó ẹ̀yìn rẹ̀, ti Íjíbítì ni wọ́n.

Ẹnì kan lè béèrè pé, òrìṣà Serapis ńkọ́? Òun ni àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń fà yọ. Ní Memphis, àwọn ará Íjíbítì gbà pé bí màlúù Apis bá kú, ó ti di Osiris nìyẹn, wọ́n sì ń bọ ọ́ ní Osiris-Apis. Lábẹ́ àwọn Ptolemy ìbẹ̀rẹ̀, òrìṣà yìí gba ojú tuntun: bàbá onírùngbọ̀n bíi Zeus, tó gbé òṣùwọ̀n ọkà ka orí. Ptolemy Kẹta kọ́ ilé ńlá fún un ní Alexandria. Òótọ́ ni pé èyí jọ ìpòpọ̀ ju ohun yòókù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú àwọn awo pẹlẹbẹ tí wọ́n rì mọ́ ìpìlẹ̀ ilé náà, èdè méjì ni wọ́n bá lára wọn, Gíríìkì àti ti Íjíbítì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pe òrìṣà náà ní orúkọ tí àwọn èèyàn rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Ní Memphis, wọ́n ń bá a lọ láti sin màlúù Apis bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń sin ín. Àwọn tó ń sọ Gíríìkì ló gbé Serapis onírùngbọ̀n káàkiri òkun, àwọn ará Róòmù sì gbé e dé London àti York lẹ́yìn náà.

Àtakò tó le jù wà níwájú: ṣé ẹ̀tàn lásán kọ́ ni gbogbo èyí, tí àwọn amúnisìn fi ń bo ìrẹ́jẹ mọ́lẹ̀? N kò ní fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Gíríìkì ni èdè ìjọba ní ààfin, àwọn tí wọ́n kà sí ará Gíríìsì ń rí àǹfààní nínú owó-orí, ọmọ ogun tó ti òkè òkun wá ń gba ilẹ̀, àgbẹ̀ Íjíbítì ló sì ń ru ẹrù náà. Láti nǹkan bí ọdún 206 títí di 186, gúúsù Íjíbítì ya kúrò lábẹ́ wọn, ọ̀tẹ̀ náà sì dá iṣẹ́ Edfu dúró. Inú wàhálà yẹn ni òkúta Rosetta ti jáde ní 196. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n nítorí pé òun ló ran Champollion lọ́wọ́ láti tú àdììtú ìkọ̀wé Íjíbítì ní ọdún 1822 lẹ́yìn ìbí Jésù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sí i ló yẹ ká kà. Àdéhùn ni. Ptolemy Karùn-ún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, dín owó-orí kù, ó fi ọrọ̀ fún àwọn ilé òrìṣà, ó sì tú àwọn àwòrò sílẹ̀ kúrò nínú ìrìn àjò ọdọọdún tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi rìn lọ sí Alexandria. Àwọn àwòrò tó péjọ ní Memphis sì pinnu láti gbé ère rẹ̀ sínú gbogbo ilé òrìṣà, kí wọ́n máa bọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ta ló tan ta níbẹ̀? Ohun tó sì jẹ́ kí n kọ̀ láti pè é ní ẹ̀tàn Gíríìsì nìkan ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ fúnra wọn. Horwennefer, tó ṣáájú wọn, fi ara rẹ̀ jẹ Fáráò, ó sì pe ara rẹ̀ ní àyànfẹ́ Isis àti àyànfẹ́ Amun, irú oríkì tí àwọn Ptolemy náà ń jẹ́. Àga kan náà ni àwọn méjèèjì ń jà sí.

Láàárín àwọn ará ìlú, ètò náà wọ inú ilé. Ní ìlú Pathyris, Dryton, ọ̀gá ẹlẹ́ṣin tó jẹ́ ará Gíríìsì, fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Apollonia, tó tún ń jẹ́ Senmonthis. Obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló ń yá àwọn èèyàn lówó. Orúkọ kan fún ìwé Gíríìkì, orúkọ kejì fún àdúgbò. Ní 118, ìjọba pàṣẹ pé èdè tí wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn ni yóò sọ ilé ẹjọ́ tí yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni èèyàn lè jẹ́ méjèèjì, òfin sì ti ṣe ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Àwọn ọba ló pẹ́ jù láti kọ́ èdè àwọn tí wọ́n ń jọba lé lórí: òǹkọ̀wé Plutarch kọ ọ́ pé Cleopatra nìkan ló gbọ́ èdè Íjíbítì nínú gbogbo wọn.

Nígbà tí Augustus gba Íjíbítì ní ọdún 30, wọ́n ní kó wá wo Apis, ó kọ̀, ó ní òrìṣà ni òun ń bọ, òun kì í bọ màlúù. Kò wu ọba Róòmù yìí láti jẹ́ Fáráò. Síbẹ̀, àwọn àwòrò kọ́ ilé òrìṣà Kalabsha lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ sára ògiri pẹ̀lú adé Íjíbítì, wọ́n sì gbé ẹbọ lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún àwọn tó jẹ tẹ̀lé e, títí dé Decius, tí àwòrán rẹ̀ wà ní Esna, ní nǹkan bí ọdún 250 lẹ́yìn ìbí Jésù.