Iná kejì tó ń mú irin dídà le: iṣẹ́ ilé ìdàrin ní Ọ̀tà

Ilé ìdàrin ni ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù, tí wọ́n ń dà á sínú mọ́ọ̀dù oníyanrìn títí yóò fi di ẹ̀yà ẹ̀rọ. Ọ̀tà àti Sango, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ìpínlẹ̀ Ògùn, bá irú iṣẹ́ yìí mu. Èkó, níbi tí irin àlòkù pọ̀ sí, kò jìnnà. Ọ̀nà Abẹ́òkúta tó gba Sango kọjá ló sì lọ sí Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta di símẹ́ǹtì láti 1960. Ibi tí wọ́n bá ti ń lọ nǹkan, irin ń jẹ níbẹ̀.

Irin dídà tó wọ́pọ̀ jù máa ń dúdú bí eérú lójú ibi tó bá ti fọ́, torí kábọ̀ọ̀nù inú rẹ̀ ti di ohun dúdú tí wọ́n fi ń ṣe inú pẹ́ńsù. Ó rọrùn láti gbẹ́, àmọ́ iyanrìn a tètè jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá po kírómíọ̀mù mọ́ ọn, ìdá 12 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kábọ̀ọ̀nù kò ní ráyè dúdú. Yóò so mọ́ kírómíọ̀mù àti irin, yóò di kábáìdì tó le ju iyanrìn lọ. Ojú ibi tí irin yìí bá ti fọ́ máa ń funfun.

Kábáìdì nìkan kò tó. Ńṣe ló wà nínú irin bí òkúta wẹ́wẹ́ inú kọnkéré: bí ohun tó dì í mú bá rọ̀, yóò yọ dànù. Lẹ́yìn ìdà, ohun tó dì í mú náà sábà máa ń jẹ́ austenite, tí kò le tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dá irin náà padà sínú ìléru.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú un gbóná, kó má baà sán, títí dé nǹkan bí 950 sí 1,050 lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n á sì fi í síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Irin náà kò yọ́, àmọ́ inú rẹ̀ ń yí padà. Kábọ̀ọ̀nù àti kírómíọ̀mù tó há sínú austenite nígbà tó ń dì yóò máa jáde, wọ́n á di kábáìdì kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Austenite tó ti pàdánù wọn kò lè dúró bẹ́ẹ̀ mọ́ bó bá ń tutù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á di martensite, tó le gan-an. Afẹ́fẹ́ tó láti mú irin náà tutù. Alágbẹ̀dẹ a máa ki àdá gbígbóná bọ omi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ki irin yìí bọ omi, ó lè là. Lórí ìwọ̀n líle Rockwell C, irin tó wà ní nǹkan bí 50 lẹ́yìn ìdà lè kọjá 60.

Ìwọ̀n iná ló ṣòro jù. Bí ooru bá pọ̀ jù, kábọ̀ọ̀nù á tún wọnú austenite padà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní yí mọ́. Bí ó bá kéré jù, martensite tó jáde kò ní le tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń fi iná pẹ̀lẹ́, bí 200 sí 250, tu irin náà lára. Awò amúǹkan-tóbi ló lè fi hàn bóyá gbogbo rẹ̀ yọrí. Ọ̀tà ní Covenant University (2002) àti Bells University of Technology (2005), tí wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó yẹ kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ súnmọ́ àwọn tó ń da irin.

Ẹ̀rọ ìlọta ló mú ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilé. Àwo irin méjì tó dojú kọra ló ń lọ ata àti ẹ̀wà, ohun tó bá sì jẹ kúrò lára wọn, inú oúnjẹ ló ń lọ. Iná kejì kò lè sọ irin eérú lásán di irin kírómíọ̀mù. Nítorí náà, kí ẹni tó ń ra àwo tuntun bi ẹni tó dà á léèrè nǹkan méjì: kí ló wà nínú irin yìí, ṣé ó sì padà wọ iná lẹ́yìn ìdà?