Ayípadà Adúró: Ìdí tí Iye Rẹ̀ fi Ń Sọnù

Nínú C, èdè kọ̀ǹpútà tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972, ọ̀rọ̀ náà static ṣòro láti túmọ̀. Bí a bá pè é ní ‘aláìyípadà’, a ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà: iye inú rẹ̀ a máa yí, àyè rẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà ni kì í yẹ̀. ‘Ayípadà adúró’ ni a dábàá.

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé tí ń ka àpò kòkó ní Ipogun ṣe àpẹẹrẹ. Àpò kọ̀ọ̀kan tí ó wọlé dà bí ìpè kan sí àkójọ àṣẹ. Ayípadà lásán ni iye orí sìléètì tí akọ̀wé ń nù lẹ́yìn àpò kọ̀ọ̀kan. Ayípadà adúró ni èyí tí kò nù títí iṣẹ́ ọjọ́ náà fi parí.

Bí iye bá ń sọnù síbẹ̀, kí a yẹ ohun mẹ́ta wò. Èkíní: ǹjẹ́ a kọ static rárá? Èkejì: ǹjẹ́ ìlà ìkéde gan-an ni a ti fi òdo sí i? Níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń ṣẹlẹ̀; ní ìlà mìíràn, gbogbo ìpè ni yóò dá a padà sí òdo. Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ètò náà ti parí? Bí ó bá parí, a ti nu sìléètì. Ohun tí a kọ sínú fáìlì, bí ìwé àkọsílẹ̀, nìkan ni yóò kù.

Olùkọ́ tí ó bá pe adúró ní aláìyípadà kò ní lè ṣàlàyé ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.