Ẹlẹ́ṣin Ọba: Ṣé òyìnbó ló ba ètò jẹ́ ni, àbí ayé ló dùn mọ́ abọ́bakú?

Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba ti bọ́ sórí Netflix ni awuyewuye ti ń lọ lórí rẹ̀, títí di òní, kò tíì rodò lọ mumi. Ìdílé kan náà lè jókòó wò ó pa pọ̀ lálẹ́, kí wọ́n sì gbé èrò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dìde nídìí tẹlifíṣàn. Bàbá á ní òyìnbó ló dá sí ohun tí kò kàn án. Ìyá á ní ojúkòkòrò Ẹlẹ́ṣin ló kó bá a. Ọmọ tó wà ní yunifásítì á béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀dá alààyè yóò fi kú nítorí pé ọba kú, ó sì lè fi kún un pé òyìnbó yẹn gan-an ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bá ti ìtàn lọ. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé fíìmù náà kò tó iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà ni eré oníṣe Death and the King's Horseman, tí Ṣóyínká gbé jáde lọ́dún 1975. Bíyì Bándélé ló sọ ọ́ di fíìmù, iléeṣẹ́ EbonyLife ló sì ṣe agbátẹrù rẹ̀.

Ìtàn náà kò díjú. Aláàfin Ọ̀yọ́ wàjà, oṣù kan ti kọjá, alẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò sin ín sì ti pé. Ní alẹ́ yìí kan náà ni Ẹlẹ́ṣin, tí Ọdúnladé Adékọ́lá ṣe, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọba rẹ̀ lọ, nítorí abọ́bakú ni. Bí kò bá lọ, ọba yóò máa dá rìn kiri láàárín ayé àti ọ̀run, ibi tó máa bá a rìn yóò sì padà sórí àwọn tó wà láyé. Ẹlẹ́ṣin bọ́ sí ọjà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú orin àti ijó, Olóhùn-iyọ̀ ń kì í bọ̀ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti rí ọmọge kan, ó sì ní òun yóò fẹ́ ẹ kí òun tó lọ. Àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà ni ọmọ náà, síbẹ̀ Ìyálọ́jà, tí Shaffy Bello ṣe, fi í sílẹ̀ fún un.

Níbi tí ìyàwó tuntun ti wà nínú iyàrá, ọ̀rọ̀ ti dé etí Simon Pilkings, ajẹ́lẹ̀ ìjọba òyìnbó, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n mú Ẹlẹ́ṣin tì mọ́lé. Olúńdé, àkọ́bí Ẹlẹ́ṣin tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti dé sílé láti wá sin bàbá rẹ̀. Ààyè ló bá a, nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Olúńdé ti kú dípò bàbá. Bí Ẹlẹ́ṣin ṣe rí òkú ọmọ rẹ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, òun náà kú.

Àwọn tó dá òyìnbó lẹ́bi ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Wọ́n á ní bí kì í bá ṣe ti Pilkings, bàbá ì bá kú, ọmọ ì bá yè. Wọ́n á tún rán ènìyàn létí pé òun àti aya rẹ̀ gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀ lọ sóde ijó àwọn òyìnbó, wọ́n sọ ọ́ di aṣọ àríyá. Ọlọ́pàá Amúsá tó wá jíṣẹ́, Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ kò lè ya ẹnu sọ̀rọ̀ ikú níwájú ẹ̀kú. Ajẹ́lẹ̀ kò rí nǹkan kan nínú ìyẹn ju ẹ̀rín lọ.

Ìtàn Ọ̀yọ́ gan-an sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù kìíní wàjà nínú oṣù kejìlá ọdún 1944. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1945, Jìnádù, Olókùn-Ẹṣin rẹ̀, wọ aṣọ funfun, ó ń jó káàkiri Ọ̀yọ́ láti lọ kú, ìjọba òyìnbó sì ní kí wọ́n lọ mú un. Murana, ọmọ rẹ̀, ló kú dípò rẹ̀. Ọdún 1946 ni Ṣóyínká kọ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, ó sì sún eré náà padà sí àkókò ogun àgbáyé kejì. Kó tó kọ ọ́ rárá ni Dúró Ládipọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe eré Ọba Wàjà lọ́dún 1964.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn kan náà ni Ṣóyínká ti kìlọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ eré náà di ìjà àṣà dúdú àti funfun, pé ohun tó kàn ṣokùnfà ni òyìnbó jẹ́, kì í ṣe òun ni ìdí ọ̀rọ̀. Ibi tí ìdí ọ̀rọ̀ wà ni ọjà, níbi tí Ẹlẹ́ṣin ti gbé ojú sókè tó rí ọmọge.

Ó yẹ kí òǹwòran mọ ohun tí oyè abọ́bakú jẹ́ kó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níbí. Ní gbogbo ọjọ́ ayé Ẹlẹ́ṣin, kò sí ohun tí wọ́n lè fi dù ú. Oúnjẹ tó dára jù, aṣọ tó wuyì jù, obìnrin tó bá wù ú, tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, nítorí gbogbo ìlú mọ ohun tí yóò fi san án. Gbèsè ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó wá san án, kò gbọ́dọ̀ tún yá òmíràn lé e. Ìdí nìyí tí Ìyálọ́jà kò fi lè kọ̀ fún un: ta ló jẹ́ kọ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lọ́run? Ẹlẹ́ṣin mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lò ó. Ó pe ìgbéyàwó náà ní irúgbìn tí òun fẹ́ fi sílẹ̀, àwọn òǹwòran kan gbà á gbọ́. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ẹni tí ìrìn-àjò ń kán lójú kì í tún tẹ́ ibùsùn. Nígbà tó dé inú àhámọ́, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òyìnbó nìkan kọ́ ló dá òun dúró, pé ara òun ti wúwo kí ọwọ́ ọlọ́pàá tó bà á.

Ẹ̀bi Ẹlẹ́ṣin ni, bí a bá tẹ̀ lé ìtàn náà. Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ òǹwòran ṣe dìde tí wọ́n ń bú òyìnbó? Fíìmù fúnra rẹ̀ ló fà á. Lórí ìtàgé, ọ̀rọ̀ gígùn ni Ẹlẹ́ṣin àti Olóhùn-iyọ̀ ń sọ síra wọn, tí onírárà ń bi í léraléra bóyá ó ṣì ń gbọ́ ohùn ọba, tí Ẹlẹ́ṣin sì ń dáhùn bí ẹni tó ti ń lọ. Inú ìdáhùn wọ̀nyẹn ni ènìyàn ti ń gbọ́ iyèméjì. Fíìmù kò ní sùúrù fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó gé e kúrú. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ṣeé fi hàn lójú fíìmù, kọ́kọ́rọ́ àhámọ́ náà ṣeé fi hàn, ṣùgbọ́n ọkàn tó ń padà sẹ́yìn kò ṣeé yà. Ohun tí òǹwòran rí ló fi ṣe ìdájọ́.

Ní ti èdè, àríyànjiyàn ibẹ̀ tún jinlẹ̀ díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó gbé òwe àti oríkì Yorùbá rù ni Ṣóyínká fi kọ eré náà. Olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti mú un padà wá sílé lọ́dún 1994 nínú ìwé tó pè ní Ikú Olókùn-Ẹṣin, nítorí náà, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Yorùbá ni fíìmù náà ń sọ. Inú àwọn kan dùn pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ẹnu ẹni tó ni ín, pàápàá nígbà tí Brymo, tó ṣe Olóhùn-iyọ̀, bá gbé ohùn sókè láàárín ọjà. Àwọn mìíràn ní ohun tó dà bí ewì nínú Gẹ̀ẹ́sì ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ọdúnladé pàápàá gba tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn tó ti máa ń fi í rẹ́rìn-ín nínú fíìmù àwàdà retí ẹ̀rín níbi tí kò sí. Ẹni tó bá gbàgbé àwọn fíìmù wọ̀nyẹn fún wákàtí kan yóò rí i pé afẹ́ ayé Ẹlẹ́ṣin bá a mu, ìtìjú inú àhámọ́ náà sì bá a mu. Apá ibi tí àwọn òyìnbó ti ń sọ̀rọ̀ ni kò dán mọ́rán. Bí ènìyàn tó ń ka ìwé ni wọ́n ń sọ ọ́.

Bándélé kò sí láyé láti fèsì. Ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 2022 ló kú, oṣù kan kó tó di pé wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han àwùjọ ní àjọ̀dún fíìmù Toronto, ní Kánádà. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù Nàìjíríà fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar kò yan fíìmù kankan, ìyẹn náà sì dá ariwo tirẹ̀ sílẹ̀.

Olúńdé, tí Déyẹmí Ọ̀kánlàwọ́n ṣe, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ka àwọn òbí lára jù. Ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń gba ẹ̀mí là fi tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní akin ni, ó gba orúkọ ìdílé rẹ̀ là. Àwọn mìíràn ní òfò ni, pé ipò bàbá ni ọmọ ń jogún, kì í ṣe ìtìjú rẹ̀. Ìyálọ́jà náà kò fi í pè ní ìṣẹ́gun. Lójú rẹ̀, ẹ̀ka tútù ló wó nígbà tí igi gbígbẹ ṣì dúró.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ìyàwó. Kò ní orúkọ nínú ìtàn náà. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́, kò sì sí ẹni tó bi àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n gbé aṣọ ibùsùn rẹ̀ jáde láti fi hàn pé wọ́n bá a nílé, lẹ́yìn náà ni ó kàn jókòó, tó dákẹ́, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń jiyàn nípa iyì. Nínú eré Ṣóyínká, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ojú òkú Ẹlẹ́ṣin dé. Ìyálọ́jà wá ní kó má ṣe wo ẹ̀yìn mọ́, kó gbé ọkàn rẹ̀ lé ọmọ tí a kò tíì bí. Ẹni tí ọmọ náà yóò pè ní bàbá, àti ilé tí wọn yóò ti tọ́ ọ, kò sí ẹni tó sọ ọ́ nínú eré, fíìmù náà kò sì sọ ọ́.