Ṣé Ti Mímu Ni Àbí Ti Ẹ̀bà? Bí Ọjà Alábàárìn Ṣe Ń Jẹ́ Ká Mọ Oníbàárà

Ká ní gàrí lẹ̀ ń tà. Obìnrin mẹ́ta yà sí ìsọ̀ yín láàárọ̀ ọjọ́ kan, kóńgò márùn-ún márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rà. Tó bá jẹ́ iye kóńgò nìkan lẹ kọ sínú ìwé, bákan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa rí lójú yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú àpò wọn. Ṣúgà, ẹ̀pà àti mílíìkì ló wà nínú ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ àti epo pupa ló kún ti ìkejì. Ẹni kẹta ti ra ìdì ọ̀rá tí àwọn olóúnjẹ fi ń wé ẹ̀bà. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé ẹnì kan ń lọ mu gàrí, ẹnì kan ń lọ tẹ ẹ̀bà fún àwọn ará ilé rẹ̀, ẹnì kan sì ń lọ tẹ ẹ̀bà tà.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní orúkọ fún àwọn nǹkan tó bá gàrí rìn wọ̀nyẹn: complementary products. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní ọjà alábàárìn. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì ló máa jẹ́ kó tètè yé yín: kò sẹ́ni tó ń wá ọ̀kan láìwá èkejì. Ti inú ọjà kì í le tó bẹ́ẹ̀, nítorí èèyàn lè mu gàrí láìsí ẹ̀pà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń ra ọ̀kan sí i ni wọ́n á máa ra èkejì sí i.

Ẹ má ṣì í mú fún ọjà arọ́pò o. Ẹ̀lùbọ́ àti gàrí lè jọ wà lórí àtẹ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jẹ àmàlà lálẹ́ òní kò ní tẹ ẹ̀bà. Owó lẹ máa fi dá wọn mọ̀. Bí ẹ̀lùbọ́ bá wọ́n tí gàrí wá ń tà sí i, arọ́pò nìyẹn. Bí ṣúgà bá wọ́n tí gàrí mímu sì dín kù, alábàárìn nìyẹn.

Pípín oníbàárà sí ìsọ̀rí, tí àwọn olùkọ́ ìṣòwò ń pè ní market segmentation, di ohun tí wọ́n ń jíròrò gidigidi lẹ́yìn tí Wendell Smith kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí nínú Journal of Marketing ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1956. Ọjọ́ orí, àdúgbò tàbí owó oṣù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pín in. Mi ò kóyán ìyẹn kéré, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣini lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n lè máa mu irú gàrí kan náà lọ́sàn-án gangan, kí ìyá àti ọmọ tó ń gbé inú ilé kan ṣoṣo sì máa wá oríṣi méjì.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni pé irú gàrí tó dáa fún ẹnì kan lè má dáa fún ẹlòmíì. Ẹni tó fẹ́ mu gàrí ń wá èyí tó kan, tó kúnná, tó gbẹ, tó sì ń dún lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí gàrí Ìjẹ̀bú fi lókìkí lọ́dọ̀ wọn: wọ́n máa ń fi gbágùúdá tí wọ́n ti rin sílẹ̀ nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n sì yan án. Àwọn ẹlẹ́bà ilé fẹ́ èyí tó ń dì mọ́ra láìní kókó, àwọn mìíràn sì fẹ́ràn èyí tí wọ́n fi epo pupa sí. Olóúnjẹ ní tirẹ̀, bó ṣe ń wú ló kọ́kọ́ ń wò, torí kóńgò tó bá wú dáadáa ló máa yọ ọ̀pọ̀ abọ́ fún un. Bí ẹ bá gbé àpò kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo wọn, àwọn kan á rà á lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní padà wá, wọn ò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Bí oníbàárà bá dé, ẹ kí i tán, kí ẹ wá bi í pé, “Ṣé ti mímu ni àbí ti ẹ̀bà, mà?” Ẹ kọ ohun tó rà, kí ẹ kọ ohun tó bá a rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alábàárìn tí ẹ kì í tà ló ṣòro jù láti rí, torí ọ̀dọ̀ aláta tàbí ẹlẹ́pà ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ béèrè rẹ̀, ẹ má méfò.

Kọ̀ǹpútà ni àwọn ilé ìtajà ńlá fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tesco gbé káàdì oníbàárà tí wọ́n ń pè ní Clubcard jáde lọ́dún 1995. Clive Humby àti ìyàwó rẹ̀, Edwina Dunn, tí wọ́n dá iléeṣẹ́ dunnhumby sílẹ̀, ló bá wọn tú ìmọ̀ inú agbọ̀n ìrajà náà palẹ̀. Ohun tó ń wà pa pọ̀ nínú agbọ̀n máa ń fi ilé tó ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀ hàn yàtọ̀ sí ilé tó ń ra èyí tí wọ́n ti sè tán.

Ìwé yín á tún kọ́ yín ní ohun kan tí mo kà sí pàtàkì gan-an: okùn tó so alábàárìn pọ̀ kì í yi bákan náà. Bí ẹ̀gúsí bá wọ́n, ẹlẹ́bà lè fi ilá tàbí ewédú jẹ ẹ̀bà rẹ̀, kí gàrí yín ṣì máa tà. Ẹni tó ń mu gàrí kò ní ọ̀nà àbáyọ tó bẹ́ẹ̀ bí ṣúgà bá gbówó lórí. Nítorí náà, bí owó ṣúgà bá ń gòkè, ẹ dín iye gàrí Ìjẹ̀bú tí ẹ fẹ́ kó kù, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ti ẹ̀bà.

Ẹ rántí pé ìlò ni ẹ ń pín, ẹ ò pín èèyàn. Ẹni tó mu gàrí lọ́sàn-án lè tẹ ẹ̀bà lálẹ́, kó sì wà ní ìsọ̀rí méjèèjì. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé yín di ìwé òfófó: ohun tó wà nínú àpò ẹnì kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá aládùúgbò sọ.

Ìsọ̀rí wọ̀nyí máa ń yí padà pẹ̀lú àsìkò. Bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé inú ọgbà bá ń múra àtiwọlé, ti mímu lẹ máa tà jù, ẹ̀pà àti ṣúgà á sì wà nínú ẹrù wọn. Ẹ ti bá ẹlẹ́pà ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí òun náà lè kó ọjà tó tó.