Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló dé tí àwọn agbẹ́kùúta kan fi ń ṣiṣẹ́ níta nínú òtútù?

Ní Kinngait, ìlú kékeré àwọn Inuit ní Nunavut, àríwá Kánádà (Cape Dorset ni wọ́n ń pè é títí di 2020), òkúta gbígbẹ́ lére ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Nígbà òtútù, ojú ọjọ́ ibẹ̀ lè tutù dé ìwọ̀n 30 Celsius nísàlẹ̀ òdo. Síbẹ̀, ìta ni ọ̀pọ̀ agbẹ́kùúta ti ń ṣiṣẹ́.

Eruku ló fà á. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé òkúta máa ń tú eruku lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀, eruku tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ta ló fẹ́ kó wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí? Wọ́n á wọ aṣọ tó nípọn, wọ́n á bo imú, wọ́n á sì fara dà á. Lójú tèmi, ìfẹ́ ìdílé hàn níbẹ̀ gan-an, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Ìgbà ooru ni ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkúta serpentine tí wọ́n fẹ́ràn kò sí nítòsí. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ wà á ní etíkun erékùṣù Baffin kí òkun tó dì. Iṣẹ́ eléwu ni, torí òkúta wúwo, ìgbà ooru ibẹ̀ kò sì gùn.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, dídán ère nìkan ló ṣeé gbé wọlé. Omi ni wọ́n ń fi sí sáńpépà, kí eruku má bàa fò. Níta, omi yẹn á ti dì.